Ọkọ̀ Onígi Tí Wọ́n Gbé Lọ Sin

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọ wa ní Lálúpọn. Ẹni tó bá pẹ́ nídìí ìṣirò kì í mọ irọ́ pa dáadáa, nítorí ó ti mọ́ ọn lára láti máa yẹ ìdáhùn wò. Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé. Ìdáhùn kan náà ló ń jáde. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni gbà mí gbọ́. Mo kàn ní kí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Orúkọ mi ni Akíntáyọ̀, ṣùgbọ́n Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Ní bí ọdún kan àbọ̀ sẹ́yìn, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù mí ní apá òsì. Ẹsẹ̀ padà bọ̀ sípò. Apá náà ń gbéra. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì mi, láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka, kò mọ nǹkan kan mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìyẹn dáadáa, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Mo lè ká ìka ọwọ́ náà kò. Mo lè fi mú ife. Àmọ́ bí mi ò bá fi ojú wò ó, mi ò lè sọ bóyá ife wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Bí ẹ bá fi abẹ́rẹ́ gún un, mi ò ní mọ̀. Ó dà bí ọwọ́ ẹlòmíràn tí wọ́n so mọ́ mi lára.

Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú mi n'Íbàdàn, Zubaidah ló ń jẹ́, ní kí n wá iṣẹ́ fún ọwọ́ náà.

“Tíṣà, iṣẹ́ wẹ́wẹ́ ni kẹ́ ẹ máa fi ṣe,” ó wí. “Ẹ má jẹ́ kó máa sùn.”

Ọmọ mi obìnrin, Moyinolúwa, tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì n'Íbàdàn, gbọ́ èyí. Ó lọ wá ilé onígi kékeré kan lórí ẹ̀rọ ayélujára, irú èyí tí wọ́n ti gé gbogbo igi rẹ̀ sínú páálí, tí ẹni tó rà á á máa tò ó fúnra rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì kan ló bá wa gbé páálí náà dé. Mo tú u lórí tábìlì oúnjẹ. Mo wo àwòrán tó wà lára rẹ̀. Mo pe ọmọ mi lórí fóònù.

“Moyin, ọkọ̀ ni.”

“Ọkọ̀ báwo?”

“Ọkọ̀ ojú omi. Ó ní òpó méjì.”

“Dádì, ilé ni mo ní kí wọ́n fi ránṣẹ́. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó tẹ̀ ẹ́.”

“Bóyá wọ́n ṣì í.”

“Ẹ má jẹ́ kí Mọ́mì rí i. Ẹ dì í padà, màá wá gbé e lọ́jọ́ Sátidé.”

Mo yíjú padà. Ìyàwó mi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti rí i.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí kò fi yẹ kó rí i. Sanmí nìkan ni ọmọkùnrin tí a bí. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ó gba Kánò lọ sí Agadez, ó sì gba inú aṣálẹ̀ dé Líbíà. Ìgbà ìkẹyìn tó pè wá, ariwo omi pọ̀ lẹ́yìn ohùn rẹ̀. Ó ní, “Dádì, tí ilẹ̀ bá mọ́ la máa wọ ọkọ̀. Ẹ fún Mọ́mì ní fóònù.” Mo fún un. Mi ò mọ ohun tí àwọn méjèèjì sọ. Láti ọjọ́ náà, a ò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Kò sí ẹni tó pè wá pé ó kú. Kò sí ẹni tó pè wá pé ó wà.

Aṣọ ilé ìwé ni Ìbídùnní, ìyàwó mi, ń rán. Ní ọdún kejì lẹ́yìn ìpè yẹn, ó fi aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó sì gbé àga síta, níbi tó ti lè máa wo títì tí àwọn bọ́ọ̀sì Ìbàdàn ń gbà wọlé. Ibẹ̀ ló ń jókòó láti àárọ̀. Kì í sunkún. Oúnjẹ ẹnu rẹ̀ kò tó ti ọmọ ọdún méjì. Lójoojúmọ́ ni èjìká rẹ̀ ń yọ sí i lábẹ́ bùbá. Èmi náà ò sunkún. Ẹkún náà kò wá. Nígbà tí ọwọ́ mi kú, mo rò ó pé ó kàn dara pọ̀ mọ́ ìyókù mi ni.

“Ọkọ̀ ni?” ìyàwó mi béèrè lọ́jọ́ náà.

“Ọkọ̀ ni. Wọ́n ṣì í fi ránṣẹ́. Moyin máa dá a padà.”

Ó wo páálí náà títí.

“Ẹ má dá a padà,” ó wí. “Ẹ kàn án.”

Ó padà sórí àga rẹ̀.

Mi ò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀ ojú omi. Lálúpọn kò mọ òkun. Ìwé ìlànà tó wà nínú páálí náà, èdè tí mi ò gbọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́, nítorí náà àwòrán àti nọ́ńbà ni mò ń tẹ̀ lé. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. Igi gígùn kan wà tó máa wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹ pè é ní ọ̀pá ẹ̀yìn ọkọ̀, nítorí bí egungun ẹ̀yìn èèyàn ló ṣe rí. Lórí rẹ̀ ni ẹ ó to àwọn ìhà sí, mẹ́tàlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó máa fi pákó tín-ín-rín, tí kò nípọn ju èékánná lọ, bo àwọn ìhà náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Èyí tó máa dé e lórí ló kẹ́yìn. Pákó náà kì í tẹ̀ bí ẹ bá mú un ní gbígbẹ. Ó máa kán. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná.

Mo ṣàṣìṣe bí gbogbo ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Mo lẹ ìhà kẹta sódì, ó di dandan kí n fi abẹ gé e kúrò. Mo lẹ ìka mi mọ́ ara wọn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyàwó mi kọjá lẹ́yìn mi, ó sì dúró.

“Bàbá Moyin.”

“Hẹn?”

“Ọwọ́ yín wà nínú omi gbígbóná.”

Mo wò ó. Òótọ́ ni. Ọwọ́ òsì mi wà nínú abọ́ tí mo rẹ pákó sí, èéfín ń ru lára rẹ̀, awọ ẹ̀yìn ọwọ́ sì ti pọ́n. Mi ò mọ̀ ọ́n. Ó bá mi yọ ọ́ jáde, ó fi òróró pa á, ó sì padà sórí àga rẹ̀.

Aago méjì sí mẹ́rin ọ̀sán ni mo máa ń ṣe é, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ìgbà ọyẹ́ ni. Àsìkò yẹn ni wọ́n máa ń pa ẹ̀rọ tí àwọn elégàárí tó wà lẹ́yìnkùlé wa fi ń lọ ẹ̀gẹ́ kí ó lè tutù. Tí ẹ̀rọ náà bá ti dákẹ́, gbogbo àdúgbò á pa lọ́lọ́. Ẹ̀ ẹ́ máa gbọ́ bí òrùlé ṣe ń ta nínú oòrùn.

Ọjọ́ tí mo parí ẹ̀gbẹ́ kan ọkọ̀ náà ni nǹkan bẹ̀rẹ̀. Pákó kan kò jókòó dáadáa. Mo ki ọwọ́ òsì bọ inú ọkọ̀ láti fi tì í láti inú, mo sì fi ọwọ́ ọ̀tún dì í mú níta.

Ọwọ́ òsì mi tutù.

Ẹ rántí ohun tí mo sọ. Ọwọ́ yìí kò mọ omi gbígbóná. Mo yọ ọ́ jáde. Kò mọ nǹkan kan. Mo ki í padà. Ó tutù. Òtútù náà bẹ̀rẹ̀ láti orí ìka, ó gun òkè dé ibi tí etí ọkọ̀ náà kàn lọ́wọ́ mi, ó sì dúró síbẹ̀. Mo ki ọwọ́ ọ̀tún bọ̀ ọ́, ọwọ́ tó dáa. Gbígbẹ ni inú ọkọ̀ náà. Ó lọ́wọ́ọ́rọ́ bí igi yòókù nínú ilé.

Mo mú ìwé. Mo kọ ọjọ́ àti aago sí i. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì kọ ọ́: òsì, òtútù, ọ̀tún, kò sí. Òsì, òtútù, ọ̀tún, kò sí. Òsì, òtútù, ọ̀tún, kò sí.

Mi ò bẹ̀rù. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí. Ó yẹ kí n bẹ̀rù, mo sì dúró dè é, ṣùgbọ́n kò dé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, omi wà nínú ọkọ̀ náà. Kò pọ̀. Kò ju ṣíbí kan lọ. Mo kọ́kọ́ rò pé láti ara pákó tí mo rẹ ni. Ṣùgbọ́n pákó ti gbẹ. Ọyẹ́ ń fẹ́, gbogbo igi ilé ló ń ya. Mo ti ìka ọ̀tún bọ omi náà, mo fi kan ahọ́n.

Iyọ̀.

“Ìyá Moyin, ṣé o da omi sínú ọkọ̀ yìí?”

“Omi kẹ̀?” Kò yíjú kúrò ní títì. “Kí ni màá fi omi ṣe nínú rẹ̀?”

Mo fi aṣọ nù ún. Lọ́jọ́ kejì, ó tún wà níbẹ̀.

Mo ń bá iṣẹ́ lọ. Mo parí ẹ̀gbẹ́ kejì ní ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ní ọjọ́ kẹsàn-án yẹn, bí mo ṣe ki ọwọ́ òsì bọ̀ ọ́, nǹkan mìíràn wà lẹ́yìn òtútù. Ohun kan fẹ́ sí mi ní ìka. Ó lọ́wọ́ọ́rọ́. Ó dáwọ́ dúró. Ó tún fẹ́. Ó tún dáwọ́ dúró.

Mo gbé ojú sókè wo aago ara ògiri. Mo ka iye ìgbà tó ń fẹ́. Mẹ́rìndínlógún ní ìṣẹ́jú kan. Mo wá ka ti ara mi. Méjìdínlógún. Mo di èémí mi mú. Ti inú ọkọ̀ kò dúró.

Ẹ̀rọ àwọn elégàárí ti dákẹ́. Kò sí ẹyẹ. Mo jókòó bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ mi nínú ọkọ̀ títí aago mẹ́rin fi lù. Mi ò sọ fún ìyàwó mi. Bí mo bá sọ fún un pé ohun kan ń mí nínú rẹ̀, mo mọ ẹni tó máa sọ pé ó ń mí.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ẹ̀gbọ́n mi dé láti abà. Fárìndé lorúkọ wọn. Bàbá kan náà ló bí wa, ṣùgbọ́n èmi lọ sílé ìwé ìjọ, wọ́n dúró sídìí oko àti ohun tí àwọn bàbá wa ń ṣe. Ọmọ wọn, Fọlájìmí, ló fi ọ̀kadà gbé wọn wá. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni, alápá ńlá, aláwàdà.

“Tíṣà ti di káfíńtà,” Fọlájìmí wí bó ṣe rí tábìlì. “Bàbá, tẹ́ ẹ bá ṣe tán níbẹ̀, ẹ bá mi kan bẹ́ẹ̀dì. Tèmi ń ké bí ewúrẹ́.”

“Jókòó sí ibì kan,” bàbá rẹ̀ wí.

Ẹ̀gbọ́n mi kò wo ọkọ̀. Ìyàwó mi lórí àga níta ni wọ́n ń wò láti ojú fèrèsé.

“Akin, ìyàwó rẹ ń kú lọ.”

“Mo rí i.”

“Ojú lo fi ń wò ó.”

“Kí ni kí n ṣe, Bọ̀dá?”

“Ká sin ọmọ náà.”

“Kò sí òkú. Àlùfáà wa pàápàá sọ ọ́.”

“Àlùfáà yín ò mọ̀ ọ́n ni. Nínú ìdílé wa, ẹni tí omi bá gbé, nǹkan rẹ̀ la máa ń sin. Aṣọ. Bàtà. Kí ìyá rẹ̀ lè dìde nílẹ̀.” Wọ́n gbé ohùn sókè. “Ìbídùnní, wọlé wá.”

Ó wọlé. Ó kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n sọ ohun tí wọ́n bá wá fún un, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà téèyàn ń gbé ẹyin. Ó gbọ́ ọ títí dé ìparí.

“Ẹ ò ní mú aṣọ rẹ̀, sà,” ó wí. “Kò sí nínú aṣọ.” Ó na ìka sí orí tábìlì. “Inú ọkọ̀ ló wà. Ẹ gbé ìyẹn.”

Ó dìde, ó wọ ilé ìdáná. A gbọ́ tó ń ṣí ìkòkò. Ó tẹ ẹ̀bà, ó jókòó sórí àpótí, ó jẹ ẹ́ tán, ó sì tún bù sí i. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Mo wo ilẹ̀. Ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti rí i kí ó bu oúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ní láti dúró ṣàlàyé àṣà kan níbí, nítorí àwọn ọ̀dọ́ kan lè má mọ̀ ọ́n mọ́. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí ọmọ bá kú ṣáájú òbí, òbí kì í dé ibi tí wọ́n ti ń sin ín. Wọn kì í fi ojú ilẹ̀ náà hàn án. Àwọn ẹbí ló ń gbé e lọ, tí wọ́n bá sì padà dé, wọn kì í sọ ibi tí wọ́n lọ. Bàbá àti ìyá á jókòó sínú ilé títí gbogbo rẹ̀ á fi parí. Kristẹni ni mí, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí Kristẹni kan ní Lálúpọn tó kọ àṣà yìí.

Ẹ̀gbọ́n mi wá sún mọ́ tábìlì.

“Ta ló kàn án?”

“Èmi ni.”

“Gbogbo rẹ̀?”

“Gbogbo rẹ̀. Ó ku ìdérí.”

Wọ́n mí kanlẹ̀. “Bàbá ń kan pósí ọmọ rẹ̀. Mi ò rí irú ẹ̀ rí.”

“Mi ò mọ̀ pé pósí ni nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀.”

“O ti mọ̀ báyìí. Má fọwọ́ kàn án mọ́. Fọlájìmí ló máa dé e. Lọ́jọ́ Sátidé, aago mẹ́wàá, a máa wá gbé e.”

Fọlájìmí wá ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Mo jókòó jìnnà sí i, mo ń fi ẹnu kọ́ ọ, bí ìgbà tí mò ń kọ́ ọmọ kíláàsì kejì. Rẹ ẹ́. Dúró. Fi gọ́ọ̀mù sí etí rẹ̀, kì í ṣe sí àárín. Ìka rẹ̀ tóbi jù. Pákó mẹ́ta kán mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì lo èyí tí wọ́n fi ṣe àfikún tán. Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú, ó ku pákó kan ṣoṣo, èyí tó wà láàárín gbùngbùn, àlàfo tí ìka méjì lè gbà wọlé.

“Bàbá, màá tètè dé láàárọ̀,” ó wí. “Ẹ má fọwọ́ kàn án o. Bàbá mi á pa mí.”

Kò tètè dé. Ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé, kò tíì dé. Ní agogo mẹ́sàn-án àbọ̀, ó pè mí pé ọ̀kadà òun ti kú sójú ọ̀nà, pé òun àti àwọn yòókù máa jọ dé lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo jókòó sídìí tábìlì. Mo fi ìka méjì ọwọ́ òsì gba àlàfo náà wọlé. Èémí náà wà níbẹ̀. Ó yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo kà á dé ogójì, mo sì dáwọ́ kíkà dúró.

Lẹ́yìn náà, ohun kan di ìka mi mú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé ọmọ tuntun rí mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹ fi ìka sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, á sì pa ọwọ́ dé. Kì í wò yín. Kò mọ̀ yín. Ó kàn dì yín mú ni. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí gẹ́lẹ́.

“Ẹ ti parí rẹ̀?”

Ìyàwó mi ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti wẹ̀. Ó ti di irun rẹ̀. Ó wọ aṣọ tó mọ́, aṣọ tí mi ò rí lára rẹ̀ láti ọdún mẹ́rin.

“Ó ku díẹ̀.”

“Tí wọ́n bá ti gbé e lọ, màá sùn,” ó wí. “Oorun ti ń kùn mí láti àná. Oorun gidi.” Ó fi ọwọ́ pa ojú rẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe kíá.”

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Kò sí ẹni tó tàn mí. Mo wo egungun ọrùn rẹ̀ tó yọ síta. Mo wo àlàfo náà. Mo fa ìka mi. Kò fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀. Mo tún fà á, ó yọ. Mo fi gọ́ọ̀mù sí etí pákó tó kù, mo gbé e lé àlàfo náà, mo sì fi àtàǹpàkò ọ̀tún tẹ̀ ẹ́ títí ó fi mú. Mo ka ọgọ́ta, bí nọ́ńbà inú ìwé ìlànà ṣe fi hàn. Mo gbé ọwọ́ òsì lé ìdérí náà. Igi lásán. Mi ò mọ̀ pé mo fọwọ́ kan nǹkan kan.

Wọ́n dé ní agogo mẹ́wàá. Wọ́n wà ní mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n mi rí i pé wọ́n ti dé e. Wọ́n wo ojú mi, wọn kò béèrè. Wọ́n fi aṣọ funfun wé e. Wọ́n ní ká wọ yàrá, ká ti fèrèsé.

A jókòó sétí ibùsùn nínú òkùnkùn ọ̀sán yẹn, èmi àti Ìbídùnní. A gbọ́ ẹsẹ̀ wọn. A gbọ́ ọ̀kadà. Lẹ́yìn náà a ò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n ti bẹ àwọn elégàárí kí wọ́n má tan ẹ̀rọ títí di ìrọ̀lẹ́. Kò sí ọmọdé níta. Ìyàwó mi gbé orí lé mi léjìká, ó sì sùn lọ lójú ẹsẹ̀, bí ẹni tí wọ́n pa iná mọ́.

Ìgbà náà ni ọwọ́ òsì mi jí. Orí itan mi ló wà, kò sí nítòsí ọkọ̀ kankan. Ó tutù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí síwá, ó ń yí sẹ́yìn, ṣùgbọ́n bí mo bá wò ó, ó dúró jẹ́ẹ́. Mo mọ̀ pé wọ́n ń gbé e lọ. Mo ń retí erùpẹ̀. Mo rò ó pé màá mọ̀ ọ́n nígbà tí erùpẹ̀ àkọ́kọ́ bá bọ́ lé e. Mo jókòó, mo ń retí rẹ̀. Wákàtí kan kọjá. Wákàtí méjì. Ó ń yí síwá, ó ń yí sẹ́yìn. Erùpẹ̀ kò dé.

Ìbídùnní sùn títí di agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó jí, ó gbé àga wọlé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ká aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó sì da epo sí i. Nígbà tí oṣù náà fi máa parí, àwọn ìyá ọmọ ilé ìwé ti ń wá wọn aṣọ. Ẹ̀rín rẹ̀ padà dé. Ẹran ara padà sí ọrùn rẹ̀. Moyin wá kí wa, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, “Dádì, kí lẹ ṣe fún un?” Mo ní mi ò ṣe nǹkan kan.

Fọlájìmí ló ń sá fún mi. Bó bá rí mi lọ́jà, á yà sí ibòmíràn. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó wá, ní ọ̀sán ọjọ́ tí ìyàwó mi kò sí nílé. Kò ṣàwàdà. Ó kọ̀ láti jókòó.

“Bàbá, nǹkan tí mo fẹ́ sọ, kò yẹ kí n sọ ọ́ fún yín.”

“Nígbà náà, má sọ ọ́.”

“Mi ò rí oorun sùn.”

“O mọ̀ pé o ò gbọ́dọ̀ sọ ibi tó wà fún mi.”

“Ìyẹn gan-an ni, Bàbá. Kò sí níbì kankan.”

Ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó ní àwọn gbẹ́ ilẹ̀ náà dé ìbàdí. Ó ní ilẹ̀ náà le, pé erùpẹ̀ tó ń jáde dà bí eérú. Wọ́n gbé ọkọ̀ náà sí i. Bàbá rẹ̀ ń sọ ohun tí wọ́n máa ń sọ. Ó ní kí bàbá rẹ̀ tó sọ ọ́ tán, ìsàlẹ̀ ilẹ̀ náà ti ń dúdú. Omi ni. Omi tó mọ́. Ó ń gòkè láìpariwo, ọkọ̀ náà sì gbéra kúrò nílẹ̀ nínú aṣọ funfun rẹ̀.

“A fi ṣọ́bìrì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó padà sókè. A da erùpẹ̀ sí i, omi gbé erùpẹ̀ náà mì. Bàbá mi ní ká kẹ̀yìn sí i. A kẹ̀yìn sí i. Mi ò lè sọ bó ṣe pẹ́ tó. Kò pẹ́. Nígbà tí a yíjú padà, ihò náà ti gbẹ.”

“Ó gbẹ báwo?”

“Bá a ṣe gbẹ́ ẹ. Eérú. Kò sí omi, kò sí ọkọ̀. Aṣọ funfun yẹn nìkan ló wà nísàlẹ̀, gbígbẹ, wọ́n ká a dáadáa bí aṣọ tí wọ́n fẹ́ kó sínú àpótí.” Ó nu ojú. “A dí i bẹ́ẹ̀. Bàbá mi mú wa búra. Bàbá, ṣé nítorí pé ẹ̀yin lẹ dé e ni?”

“Mi ò mọ̀.”

“Ṣé ẹ máa sọ fún Mọ́mì?”

Mo ronú sí i. Bí ẹni tó ní ìṣirò níwájú ni mo ṣe ronú sí i. Bí mo bá sọ fún un, á gbé àga jáde.

“Rárá,” mo wí.

Ó lọ. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni àyàfi ẹ̀yin yìí.

Mò ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ọwọ́ òsì mi kò mọ abẹ́rẹ́, kò mọ iná, ṣùgbọ́n ó mọ nǹkan mìíràn lójoojúmọ́. Nígbà mìíràn ó ń yí síwá sẹ́yìn láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Nígbà mìíràn òtútù rẹ̀ máa ń le débi pé mo ní láti fi aṣọ wé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ náà kò ràn án lọ́wọ́. Ní ọjọ́ méjì láàárín oṣù tó kọjá, ó lọ́wọ́ọ́rọ́, bí ìgbà tí oòrùn bá ń ràn sórí pákó. Mi ò mọ ibi tó ti ń ràn. Èémí náà ṣì wà. Mẹ́rìndínlógún ni, kò dín kan, kò lé kan.

Láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ọwọ́ náà ti ń rin. Omi á kọ́kọ́ yọ lábẹ́ èékánná, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Mo fi kan ahọ́n lẹ́ẹ̀kan. Mi ò tún un ṣe mọ́.

Ìbídùnní ń bọ̀ báyìí láti ibi tó lọ ra òwú. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ níta. Ó ń bá ọlọ́kadà tó gbé e wá ṣe yẹ̀yẹ́.

“Ṣé ìwọ lò ń gun ọ̀kadà yìí ni, àbí òun ló ń gùn ọ́?”

Ọlọ́kadà náà rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gígùn.

“Bàbá Moyin, ẹ ti jẹun?” ó ké láti ẹnu ọ̀nà.

“Mo ti jẹun.”

Mo fi ọwọ́ òsì mi sábẹ́ aṣọ. Omi ti kán sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi. Mo fi ẹsẹ̀ nù ún kí ó tó wọlé.